Ìjọ Kristẹni àti Ìfẹ́ Akọ-sí-Akọ tàbí Abo-sí-Abo: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni ìjọ Kristẹni fi ń kọ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí?

Kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo tí a lè fi sí gbogbo ìjọ lẹ́nu. Ohun tó sì máa ń da ọ̀rọ̀ náà rú jù lọ ni pé ìbéèrè márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń dì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Èkíní ni bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọkàn ènìyàn máa fà sí ẹni tó jẹ́ akọ tàbí abo bíi tirẹ̀. Èkejì ni bóyá ìbálòpọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bóyá ìjọ lè súre fún irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀, tàbí kó so wọ́n pọ̀ ní ìdè ìgbéyàwó. Ẹ̀kẹrin ni bóyá ẹni tó ń gbé irú ìgbé ayé yìí lè di àlùfáà tàbí bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀karùn-ún ni ohun tó yẹ kí òfin ìjọba ṣe: ṣé kó fi wọ́n sẹ́wọ̀n ni, ṣé kó fi wọ́n sílẹ̀ ni, àbí kó fún wọn ní ẹ̀tọ́ ìgbéyàwó bíi ti àwọn yòókù?

Ìjọ kan lè gba ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí kó sì kọ èyí tó tẹ̀lé e, láìsí pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ta ko ara rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn bá sọ pé ìjọ kan "ti gbà" tàbí pé "kò gbà", ó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ wádìí èyí tí wọ́n ń sọ nínú márààrún.

Àwọn ẹsẹ Bíbélì wo ni àríyànjiyàn náà dá lé?

Àwọn ẹsẹ tó mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà ní tààrà kò pọ̀. Nínú Májẹ̀mú Láéláé, ìtàn Sódómù wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 19, òfin sì wà nínú Léfítíkù 18:22 àti 20:13. Nínú Májẹ̀mú Tuntun, Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú Róòmù 1:26-27, Kọ́ríńtì Kìíní 6:9-10 àti Tímótì Kìíní 1:10.

Àwọn tó di ẹ̀kọ́ àtijọ́ mú kì í gbé ọ̀rọ̀ wọn ka orí àwọn ẹsẹ wọ̀nyí nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn alátakò wọn máa ń ṣe bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìtàn ìṣẹ̀dá ni ìpìlẹ̀ tiwọn: pé Ọlọ́run dá ènìyàn ní akọ àti abo, pé ọkùnrin yóò fi bàbá àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láti fà mọ́ aya rẹ̀, àti pé Pọ́ọ̀lù nínú Éfésù orí 5 fi ìdè ọkọ àti aya yìí ṣe àpẹẹrẹ Kristi àti ìjọ rẹ̀. Lójú wọn, bí a bá tilẹ̀ yọ àwọn ẹsẹ tó ka ìbálòpọ̀ akọ-sí-akọ léèwọ̀ kúrò, ohun tí Bíbélì fi kọ́ni nípa ìgbéyàwó ṣì dúró síbẹ̀, kò sì sí ibì kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà dé òpin rẹ̀ tí a ti yin irú ìbálòpọ̀ mìíràn.

Àwọn tó ń fẹ́ kí ìjọ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Sódómù. Wọ́n ní ohun tí àwọn ará ìlú náà gbèrò ni láti fipá bá àlejò lò pọ̀, àti pé nígbà tí wòlíì Ìsíkíẹ́lì ka ẹ̀ṣẹ̀ Sódómù sílẹ̀ nínú orí 16 ẹsẹ 49, ìgbéraga àti àìka tálákà sí ni ó kọ́kọ́ dárúkọ. Ní ti Léfítíkù, wọ́n a máa tọ́ka sí àwọn òfin mìíràn nínú ìwé kan náà tí Kristẹni kò pa mọ́ mọ́. Ìdáhùn àwọn ti ìhà kejì ni pé òfin oúnjẹ àti ti aṣọ ti kọjá, ṣùgbọ́n Májẹ̀mú Tuntun tún òfin nípa ìbálòpọ̀ sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lọ ni Róòmù orí kìíní. Àwọn kan sọ pé ohun tí Pọ́ọ̀lù mọ̀ nínú ayé àwọn ará Róòmù ni ọ̀gá tó ń lo ẹrú, àti àgbà ọkùnrin tó ń lo ọmọdékùnrin, pé kò ronú kan àgbàlagbà méjì tó bá ara wọn dá májẹ̀mú títí ayé. Èmi kò rò pé àlàyé yìí lágbára tó bí àwọn tó ń lò ó ṣe rò, nítorí pé Pọ́ọ̀lù dárúkọ àwọn obìnrin pẹ̀lú, ó sì ní ọkàn àwọn ọkùnrin náà gbóná sí ara wọn, èyí tí kò jọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó ń rẹ́ ẹrú jẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tó ti ìgbéyàwó náà lẹ́yìn gan-an gbà pé Pọ́ọ̀lù ì bá kọ̀ ọ́. Àríyànjiyàn tiwọn ni pé ìjọ ti ré kọjá ohun tí Bíbélì sọ ní ojú ewé rẹ̀ rí, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ṣe lórí òwò ẹrú, àti pé nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 15, àwọn àpọ́sítélì gba àwọn Kèfèrí wọlé láìkọlà nígbà tí wọ́n rí i pé Ẹ̀mí Mímọ́ ti bà lé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìyapa náà wà gan-an, ìbéèrè yìí ni kó wò: ta ló láṣẹ láti sọ pé ohun tí a kọ sílẹ̀ kò de ìjọ òde òní mọ́, kí sì ni ẹ̀rí tó gbọ́dọ̀ mú wá?

Ṣé Jésù fúnra rẹ̀ sọ nǹkan kan nípa rẹ̀?

Nínú ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ibi tí ó ti dárúkọ rẹ̀. Ìhà kan ní ìdákẹ́ yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò jẹ ẹ́ lógún. Ìhà kejì ní Júù ni, láàárín àwọn Júù ni ó ti ń kọ́ni, òfin náà sì hàn sí gbogbo wọn débi pé kò sídìí láti tún un sọ. Wọ́n tún máa ń ka Mátíù 19:4-6, níbi tí ó ti fa ọ̀rọ̀ "akọ àti abo" yọ láti inú Jẹ́nẹ́sísì. Ó dára kí a rántí pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n bi í nígbà náà, àti pé ọ̀pọ̀ ìjọ tó ń fi ẹsẹ yìí lé àwọn akọ-sí-akọ sẹ́yìn ló ti fàyè gba ìkọ̀sílẹ̀ láàárín ọmọ ìjọ tiwọn.

Kí ni ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì?

Ẹ̀kọ́ náà wà nínú Kátẹ́kísìmù, ìyẹn ìwé àkójọ ẹ̀kọ́ ìjọ náà, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1992, ní ìpínrọ̀ 2357 sí 2359. Ó ya òòfà ọkàn sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà. Ìbálòpọ̀ náà lòdì sí òfin àdánidá, kò sì sí ipò kankan tí ìjọ ti lè fọwọ́ sí i. Òòfà ọkàn ní tirẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ kà á sí ohun tí kò tò bó ṣe yẹ. Àwọn tó ní irú òòfà yìí ni a gbọ́dọ̀ gbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti àánú, láìsí ìyàsọ́tọ̀ tí kò tọ́, a sì pè wọ́n láti gbé láìsí ìbálòpọ̀. Ohun tí ìjọ náà béèrè lọ́wọ́ wọn nìyẹn títí ayé wọn, nígbà tó jẹ́ pé ìgbéyàwó wà níwájú àpọ́n mìíràn tó bá wù ú.

Ní ti oyè àlùfáà, ìwé àṣẹ kan tí Vatican gbé jáde ní ọdún 2005 sọ pé kí wọ́n má ṣe gba ẹni tí irú òòfà bẹ́ẹ̀ ti jinlẹ̀ nínú rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà.

Ṣé òótọ́ ni pé Póòpù Francis fọwọ́ sí ìgbéyàwó ọkùnrin méjì?

Rárá. Ní ọdún 2013, nígbà tó ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó béèrè pé ta ni òun tí òun yóò fi dá ẹni tó ń wá Olúwa lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí tàn ká gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò yí ìpínrọ̀ kan padà nínú Kátẹ́kísìmù. Ní ọdún 2021, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìjọ náà dáhùn pé ìjọ kò lágbára láti súre fún irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọ́fíìsì kan náà, lábẹ́ Kádínà Víctor Manuel Fernández, gbé ìwé *Fiducia supplicans* jáde, èyí tó gba àlùfáà láyè láti súre fún ẹni méjì tó bá wá bẹ̀ ẹ́, títí kan ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ní ètò ìsìn nínú, tí kò sì jọ ìgbéyàwó.

Awuyewuye tó tẹ̀lé e pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Vatican fi ṣàlàyé ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé àdúrà ìṣẹ́jú-àáyá 10 tàbí 15 ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní oṣù kan náà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Áfíríkà, láti ẹnu Kádínà Fridolin Ambongo ti Kinshasa, kéde pé irú ìbùkún bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ilẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Francis kí wọ́n tó gbé e jáde, kò sì bá wọn wí. Mo rò pé èyí gan-an ni ohun tuntun tó ṣẹlẹ̀: ìjọ tó máa ń fi ohùn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ gbà kí ilẹ̀ kan ṣe ohun tí ilẹ̀ mìíràn kò ṣe.

Kí ló dé tí àwọn Áńgílíkà fi pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ?

Ìjọ Áńgílíkà kò ní póòpù. Ìjọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin fún ara rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, tó jẹ́ olórí Ìjọ England, sì jẹ́ ẹni àpọ́nlé láàárín àwọn olórí yòókù láìní àṣẹ lórí wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, kò sí ẹnu tó lè parí rẹ̀.

Ní ọdún 1998, àwọn bíṣọ́ọ̀bù láti gbogbo àgbáyé pé jọ sí Àpérò Lambeth, wọ́n sì fi ìbò 526 sí 70 gba Ìpinnu 1.10 wọlé, nígbà tí àwọn 45 yàgò fún ìdìbò. Ìpinnu náà sọ pé ìbálòpọ̀ akọ-sí-akọ kò bá Ìwé Mímọ́ mu, ó sì kọ̀ láti fọwọ́ sí ìsúre fún irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí fífi àwọn tó wà nínú rẹ̀ joyè àlùfáà. Ìpinnu kan náà tún ní kí ìjọ tẹ́tí sí ìrírí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ó sì dẹ́bi fún ìbẹ̀rù aláìnídìí tí àwọn ènìyàn ń ní sí wọn. Láti ìgbà náà ni ìhà kọ̀ọ̀kan ti ń ka ìdajì tó wù ú.

Ní ọdún 2003, Ìjọ Episcopal ti Amẹ́ríkà fi Gene Robinson jẹ bíṣọ́ọ̀bù New Hampshire, ẹni tó ń bá ọkùnrin gbé ní gbangba. Ìjọ Áńgílíkà Nàìjíríà, lábẹ́ Peter Akinola, yí òfin rẹ̀ padà ní ọdún 2005, débi pé ìdàpọ̀ pẹ̀lú Canterbury kò sí nínú rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe ìdàpọ̀ pẹ̀lú àwọn tó di ìgbàgbọ́ àtijọ́ mú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Jerúsálẹ́mù, àwọn tó ń rò bíi tirẹ̀ dá ẹgbẹ́ GAFCON sílẹ̀. Nígbà tí Àpérò Lambeth tún wáyé ní ọdún 2022, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Nàìjíríà, Uganda àti Rwanda kò lọ.

Ìjọ England fúnra rẹ̀ lọ́ra púpọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Sínọ́dù rẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin fún un, gbà kí wọ́n máa gbàdúrà ìbùkún fún akọ méjì tàbí abo méjì: àwọn bíṣọ́ọ̀bù dìbò 36 sí 4, àwọn àlùfáà 111 sí 85, àwọn ọmọ ìjọ 103 sí 92. Ìdìbò àwọn ọmọ ìjọ yẹn ló yẹ kí a wò dáadáa, nítorí ó fi hàn pé England náà kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn àdúrà náà ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì kò sí nínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Síbẹ̀, èyí ti tó láti mú kí GAFCON, nígbà tó pàdé ní Kigali ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, sọ pé òun kò gbọ́kàn lé Canterbury mọ́, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 sì ni ó kéde pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun ni Ìdàpọ̀ Áńgílíkà Àgbáyé.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí a gbọ́ pé ó pín, ṣé òun náà ni Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà?

Òun kọ́. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà wá láti ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti dá dúró láti ọdún 1962. Èyí tó pín ni United Methodist Church, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ẹ̀ka tó lágbára ní Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà.

Láti ọdún 1972 títí di ọdún 2024 ni ìwé òfin ìjọ yìí fi sọ pé ìwà náà kò bá ẹ̀kọ́ Kristẹni mu. Ní ọdún 2019, ìpàdé pàtàkì kan ní St. Louis fi ìbò 438 sí 384 mú òfin náà le sí i, púpọ̀ nínú àwọn aṣojú láti Áfíríkà sì wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn. Ohun tó tẹ̀lé e yà mí lẹ́nu: àwọn tó wọlé ìbò ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó jáde, nítorí wọ́n rí i pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kò ní lo òfin náà. Títí di ìparí ọdún 2023, ìjọ tó ju 7,600 lọ ní Amẹ́ríkà ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bọ́ sínú Global Methodist Church tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Àwọn tó kù pàdé ní Charlotte ní ọdún 2024, wọ́n sì fi ìbò 692 sí 51 mú òfin tó fòfin de àwọn àlùfáà akọ-sí-akọ kúrò. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ̀ka Côte d'Ivoire dìbò láti jáde.

Àwọn ìjọ wo ló ń so akọ méjì tàbí abo méjì pọ̀?

Èyí tó ti wà fún ète náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Metropolitan Community Church, tí Troy Perry dá sílẹ̀ ní California ní ọdún 1968. Láàárín àwọn ìjọ àtijọ́, Ìjọ Sweden gbà á ní ọdún 2009, ti Denmark ní 2012, ti Norway ní 2017. United Church of Christ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2005, Ìjọ Episcopal ní 2015, Ìjọ Episcopal ti Scotland ní 2017, Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2021, Ìjọ Scotland, tó jẹ́ ti Prẹsibitéríà, ní 2022. Bí a bá wo gbogbo Kristẹni àgbáyé, kékeré ni iye wọn, nítorí Kátólíìkì, Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì àti èyí tó pọ̀ jù nínú Pẹ́ńtíkọ́sì kò sí lára wọn.

Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ńkọ́?

Wọn kò gbà, àríyànjiyàn láàárín wọn kò sì pọ̀. Àpérò tí wọ́n ṣe ní Crete ní ọdún 2016 tún un sọ pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni ìgbéyàwó wà fún. Nígbà tí ilé aṣòfin Gíríìsì fi òfin gba ìgbéyàwó náà ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìjọ ilẹ̀ náà ta kò ó gidigidi. Ìjọ Coptic ti Íjíbítì dá ìjíròrò ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ pẹ̀lú Kátólíìkì dúró ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, lẹ́yìn *Fiducia supplicans*.

Onítẹ̀bọmi àti Pẹ́ńtíkọ́sì ńkọ́?

Níbi púpọ̀ nínú wọn, ìjọ kọ̀ọ̀kan tàbí ẹgbẹ́ ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń darí ara rẹ̀, nítorí náà kò sí sínọ́dù kan tí ìbò rẹ̀ yóò de gbogbo wọn. Ohun tí pásítọ̀ bá fi kọ́ni ló sábà máa ń jẹ́ ẹ̀kọ́. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn kọ ìbálòpọ̀ náà àti ìgbéyàwó náà. Southern Baptist Convention, ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, ń yọ ìjọ tó bá fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ́, ní ọdún 2025 ó sì ké sí àwọn aláṣẹ láti fagi lé ìdájọ́ ọdún 2015 tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ náà fi sọ ìgbéyàwó akọ-sí-akọ di ẹ̀tọ́.

Ṣé ìjà láàárín Áfíríkà àti àwọn òyìnbó ni ọ̀rọ̀ yìí?

Ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Ìjọ Lútérà ilẹ̀ Etiópíà tí à ń pè ní Mekane Yesus já okùn tó so ó pọ̀ mọ́ Ìjọ Sweden ní ọdún 2013, bẹ́ẹ̀ sì ni Sweden wà lára àwọn tó bí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò rẹ̀ báyìí nìkan, àwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà àti àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Rọ́ṣíà yóò di aláìníbùjókòó, bẹ́ẹ̀ ni Desmond Tutu, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Cape Town tẹ́lẹ̀, ẹni tó fi ìyàsọ́tọ̀ yìí wé ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú tí ó bá jà ní South Africa, tó sì sọ ní ọdún 2013 pé òun kò ní fẹ́ wọ ọ̀run tó bá kórìíra àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Nínú England, 92 nínú àwọn ọmọ ìjọ Sínọ́dù ló dìbò kọ ìbùkún. Ìyapa náà gba àárín orílẹ̀-èdè kọjá, ó gba àárín ìdílé pàápàá kọjá.

Bí ìjọ bá gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ṣé kò yẹ kí ó ti òfin ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn?

Kò pọn dandan, ìtàn sì fi èyí hàn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Wolfenden dábàá ní England ní ọdún 1957 pé kí ìjọba yé fi àwọn àgbàlagbà sẹ́wọ̀n lórí ohun tí wọ́n jùmọ̀ fẹ́ ṣe ní ìkọ̀kọ̀, àwọn olórí Ìjọ England wà lára àwọn tó fara mọ́ ọn. Michael Ramsey, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury nígbà tí àbá náà di òfin ní ọdún 1967, kò yé pe ìwà náà ní ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ló yẹ kó di ọ̀ràn lójú òfin. Panṣágà pàápàá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, ṣùgbọ́n ìjọ díẹ̀ ló ń bẹ ìjọba pé kó fi alágbèrè sẹ́wọ̀n.

Èrò mìíràn ló gbilẹ̀ ní ibòmíràn. Nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2014, èyí tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá wọ inú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ àti ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó ń fi ìfẹ́ náà hàn ní gbangba, àwọn olórí ìjọ, títí kan àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, yìn ín. Ní Uganda ní ọdún 2023, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Stephen Kaziimba kí òfin tuntun káàbọ̀; ó ní òun kò fara mọ́ ìdájọ́ ikú tó wà nínú rẹ̀, pé ẹ̀wọ̀n gbére ló tẹ́ òun lọ́rùn. Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury nígbà náà, kọ̀wé sí i pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn, ó sì rán an létí Ìpinnu 1.10, èyí tí àwọn méjèèjì sọ pé àwọn dì mú.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Póòpù Francis sọ fún iléeṣẹ́ ìròyìn AP pé kì í ṣe ọ̀daràn ni ẹni tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún ẹ̀kọ́ ìjọ rẹ̀ nípa ẹ̀ṣẹ̀ sọ nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Ó fi kún un pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó ń ti irú òfin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn nílò ìyípadà ọkàn. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ìjọ gbe òfin ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí mìíràn wá yàtọ̀ sí pé ìwà náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣé àdúrà tàbí ìtọ́jú lè yí òòfà ọkàn ènìyàn padà?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ẹgbẹ́ Kristẹni kan ṣèlérí pé ó lè ṣeé ṣe. Èyí tó lókìkí jù lọ ni Exodus International, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1976. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, olórí rẹ̀, Alan Chambers, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ti pa lára, ó sì ti ẹgbẹ́ náà pa. Kí ó tó di ìgbà náà ni ó ti sọ pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí òun bá pàdé kò rí ìyípadà nínú òòfà ọkàn wọn. Sínọ́dù Ìjọ England béèrè ní ọdún 2017 pé kí ìjọba fòfin de irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ òòfà náà kúrò nínú ìwé àìsàn láti ọdún 1990.

Nínú àwọn ìjọ tó di ẹ̀kọ́ àtijọ́ mú, àwọn Kristẹni kan wà tí wọ́n sọ ní gbangba pé òòfà náà wà lára àwọn, pé kò kúrò, àti pé àwọn ti yàn láti máa gbé láìsí ìbálòpọ̀ nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Wọn kì í dùn mọ́ ìhà kankan nínú. Àwọn kan kà wọ́n sí ẹni tó ń jẹ ara rẹ̀ níyà lásán, àwọn mìíràn sì ń fura sí wọn nítorí pé wọ́n jẹ́wọ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kan ìjọ wọn lágbára: pé ìjọ tó ní kí ènìyàn má ṣe ní ọkọ tàbí aya, tí kò sì pèsè ilé, ọ̀rẹ́ àti ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó fún un, ti gbé ẹrù lé e lórí láìfi ìka kan kàn án.

Ṣé òfin ìjọba lè fipá mú àlùfáà láti so ọkùnrin méjì pọ̀?

Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ti fàyè gba ìgbéyàwó náà, ẹ̀rù yìí pọ̀ ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ. Ìdájọ́ Amẹ́ríkà ti ọdún 2015 de ìjọba, kò de ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Denmark, níbi tí ìjọ àti ìjọba ti so pọ̀, àlùfáà lè kọ̀, ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ wá ẹlòmíràn tí yóò ṣe é. Ní Ìjọ Scotland, àlùfáà tó bá fẹ́ ni yóò forúkọ sílẹ̀ fún un, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ rárá. England ló lọ jìnnà jù: òfin ìgbéyàwó ti ọdún 2013 fòfin de Ìjọ England láti ṣe irú ìsìn bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá tilẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lọ́la láti bẹ̀rẹ̀, Sínọ́dù ní láti kọ́kọ́ yí òfin ìjọ padà, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé aṣòfin kó fọwọ́ sí i.